Onírédíétọ̀ tó tún Land Rover sójà wa ṣe n'Íjẹ̀bú-Òde: ibi tí wọ́n ti dáa àti ibi tó kù sí

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jẹ́ n tètè sọ ibi tí mo ń lọ kí ọ̀rọ̀ tó gùn: tẹ́ ẹ bá ní ọkọ̀ àtijọ́ tí rédíétọ̀ ẹ̀ ṣì jẹ́ idẹ àti bàbà, yálà Land Rover sójà ni o, Bedford ni o, tàbí Jeep àtijọ́, tó wá ń hó lójú ọ̀nà ṣáá, ẹ má tíì lọ ra rédíétọ̀ tuntun. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ Alájì onírédíétọ̀ tó wà lọ́nà Ìbàdàn n'Íjẹ̀bú-Òde. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ò ní bọ́ọ̀dù ńlá kankan, àwọn rédíétọ̀ àlòkù tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri lẹ máa fi dá a mọ̀, àti táńkì omi gbọọrọ kan tó wà níta. Iṣẹ́ wọn dùn mọ́ mi nínú gan-an, kì í sì í ṣe torí pé wọ́n dí ihò, ẹni tó lè dí ihò pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ohun tí Alájì ṣe ni pé ó wá ibi tí ìdọ̀tí ti ń wá kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Àwọn ohun tí ò tẹ́ mi lọ́rùn náà wà, màá sọ gbogbo ẹ̀.

Ọkọ̀ tiwa jẹ́ Land Rover Series III, èyí tó gùn tí wọ́n ń pè ní 109, ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù 2.25 lítà. Láàárín 1971 sí 1985 ni wọ́n ṣe Series III, iṣẹ́ sójà lèyí sì kọ́kọ́ ṣe kí bàbá wa tó rà á ní gbàǹjo. A ti pa àwọ̀ ẹ̀ dà látìgbà yẹn, torí aráàlú tó bá gbé ọkọ̀ aláwọ̀ sójà jáde ń wá wàhálà fún ara ẹ̀ ni, àmọ́ ìkọ́ ńlá tí wọ́n fi ń fa ẹrù ṣì wà lẹ́yìn, àwọn àpá ibi tí wọ́n de nǹkan mọ́ ṣì wà lára ẹ̀. Oko ló máa ń lọ lápá Ìjẹ̀bú-Igbó, tó bá sì di Ojúde Ọba, òun ló máa ń gbé àwọn àgbà regbéregbé bàbá wa tí ẹsẹ̀ ò gbà mọ́ sún mọ́ ibi tí wọ́n á ti tò wọlé. Ẹ fọkàn sí Ojúde Ọba yẹn o, torí ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ẹ̀ ti máa ń le jù.

Ìṣòro náà rèé. Tó bá ń sáré geere lójú ọ̀nà, géèjì ooru ẹ̀ dúró síbi tó yẹ. Àfi kó há sínú góósílò, tàbí kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ láàárín èrò, tàbí kó gbẹ́rù gun òkè lọ́nà Mámù, kíá ni abẹ́rẹ́ á máa lọ sí pupa, tó bá sì yá, omi á máa tú jáde lẹ́nu ìdérí. Àwọn mẹkáníìkì tó ti fọwọ́ kàn án látẹ̀yìnwá, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Wọ́n á yọ thermostat, ìyẹn nǹkan kékeré tó ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀ fún omi nígbà tó bá gbóná tó, dànù, wọ́n á ní kò sí òtútù ní Nàìjíríà kí la fẹ́ fi ṣe, wọ́n á da pàùdà tó ń dí ihò sínú omi, wọ́n á fi ìdérí Camry dé rédíétọ̀, wọ́n á gbowó, ó parí. Inú ti bí mi sí pàùdà yẹn tó jẹ́ pé mi ò fẹ́ rí i mọ́ láyé mi. Kò mọ ihò tó ń jò yàtọ̀ sí ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi ń gbà, gbogbo ibi tó bá rí ló máa dí.

Nígbà tá a gbé e dọ́dọ̀ Alájì, mo rò pé kíá ni wọ́n á ní ká tú rédíétọ̀ sílẹ̀. Rárá o. Ó ní ká jẹ́ kí ọkọ̀ tutù pátápátá, ó ṣí ìdérí ẹ̀, ó ní ká ṣíná, ó wá tẹjú mọ́ omi inú ẹ̀ bóyá á máa yọ afẹ́fẹ́ bùbù bùbù. Ohun tó ń wá ni bóyá gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì ti jó, torí tó bá ti jó, èéfín inú sìlíńdà á máa sá wọnú omi, kò sì sí rédíétọ̀ tó lè gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ó fa géèjì ọ́ìlì yọ, ó wò ó bóyá ọ́ìlì ti di funfun tó ki, àmì pé omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Kò sí. Ó wá ní, "Ọmọ mi, ẹ́ńjìnì ẹ ò ní nǹkan kan. Omi ni ò rọ́nà gbà. Ta ló ní kí wọ́n yọ thermostat ẹ̀?" Mo ní, "Alájì, gbogbo wọn náà ni." Ó mi orí, kò bú ẹnikẹ́ni, ó kàn pe ọmọ iṣẹ́ kan pé kó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá.

Bí wọ́n ṣe tọ́jú rédíétọ̀ fúnra ẹ̀ kọ́ ló yà mí lẹ́nu jù, síbẹ̀ ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ lè mọ ohun tẹ́ ẹ ń sanwó fún. Wọ́n fi iná gáàsì yọ́ òjé tó lẹ táńkì òkè mọ́ ara rédíétọ̀, táńkì ọ̀hún ṣí kúrò lódidi. Ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ torí pé òjé tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ tánganran yìí máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 190°C, idẹ sì nìyí, ó ju 900°C lọ kó tó yọ́, nítorí náà èèyàn lè ṣí i, kó tún un ṣe, kó sì tún lẹ̀ ẹ́ padà láìba nǹkan kan jẹ́. Rédíétọ̀ ayé ìsinsìnyí tó jẹ́ alumíníọ́mù tí orí ẹ̀ jẹ́ rọ́bà, wọ́n kàn fi irin ká a mọ́ra ni, tó bá ti bàjẹ́, ó di kẹ́ ẹ ra òmíràn. Ìdí tí Alájì fi kọ̀ jálẹ̀ nìyẹn nígbà tí ẹnì kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní ká kúkú wá ti mọ́tò míì wá ká fipá kó o síbẹ̀. Ó ní ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ogun, tí wọ́n mọ̀ pé inú igbó ló máa bàjẹ́ sí, ohun tí ẹni tó wà nínú igbó lè tún ṣe ni wọ́n fi sára ẹ̀.

Nínú ẹ̀, ọ̀pọ̀ lára àwọn ọ̀pá pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi ń gbà kọjá ló ti dí, omiìn díẹ̀, omiìn pátápátá. Àwọn kan dí pẹ̀lú ẹrẹ̀ pupa tó ti gan, àwọn kan dí pẹ̀lú pàùdà àná. Wọ́n fi irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín gún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, iṣẹ́ sùúrù ni, ọmọ iṣẹ́ tó ṣe é ò dìde títí ìrun Àsárì fi dé. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́ padà, wọ́n dí gbogbo ẹnu ẹ̀, wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, wọ́n wá rì í sínú táńkì omi gbọọrọ yẹn. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń yọ ni ihò wà. Wọ́n rí i níbi tí táńkì ìsàlẹ̀ ti so mọ́ ẹ̀gbẹ́, wọ́n jó o, wọ́n tún rì í, ó dákẹ́.

Gbogbo onírédíétọ̀ tó bá mọṣẹ́ lè ṣe débẹ̀. Ohun tó wá jẹ́ kí n máa kọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé nígbà tí mo ń múra pé ká gbé rédíétọ̀ padà sára ọkọ̀, Alájì ní kò ní gbé e fún mi. Ó ní tí mo bá gbé rédíétọ̀ tó mọ́ padà sára ẹ́ńjìnì tó dọ̀tí, kó tó pẹ́ màá tún padà wá, màá sì máa sọ kiri pé iṣẹ́ òun ò dáa.

Bulọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì Land Rover yìí, ìyẹn ara ẹ́ńjìnì tí àwọn sìlíńdà wà nínú ẹ̀, àti orí ẹ̀, irin gidi ni méjèèjì, wọn kì í ṣe alumíníọ́mù. Irin àti omi lásán tí ò sí kúláǹtì nínú ẹ̀, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi rédíétọ̀ kí irin má bàa dípẹtà, ìpẹtà ni wọ́n máa bí. Ìpẹtà yẹn á máa já bọ́, á máa rọra lọ tẹ̀dí sí ìsàlẹ̀ bulọ́ọ̀kù, pàápàá lápá ẹ̀yìn níbi tí omi ò ti fi bẹ́ẹ̀ yára, ibẹ̀ ló sì ti ń jáde díẹ̀díẹ̀ wá dí rédíétọ̀. Ẹnu omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bulọ́ọ̀kù nísàlẹ̀ tí wọ́n fi ń da omi ẹ̀ nù. Alájì ṣí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀kán omi kan ò jáde. Ẹ́ńjìnì kún fún omi, ẹnu ẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sí nǹkan kan. Ó mú wáyà gbọọrọ, ó ń gún un, ó ń yí i, ó pẹ́ kó tó di pé ẹrẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀ sí í já jáde gàdàgbà gàdàgbà, lẹ́yìn náà ni omi tó dà bí ẹ̀jẹ̀ wá tú. Gbogbo ọdún táwọn mẹkáníìkì ń sọ fún wa pé àwọn ti da omi ẹ̀ nù tí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀, ti inú rédíétọ̀ nìkan ni wọ́n ń dà nù, ti inú ẹ́ńjìnì ń bẹ níbẹ̀.

Wọ́n wá yọ àwọn pàǹlà roboto tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bulọ́ọ̀kù. Ihò tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n ń rọ irin ẹ́ńjìnì ni ìwọ̀nyẹn ń dí, ibẹ̀ ni wọ́n ti kó iyanrìn jáde. Ìpẹtà ti jẹ òmíràn nínú wọn débi pé ìka èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè tì í wọlé. Ẹ fojú inú wò ó, kí ìyẹn já lójú ọ̀nà márosẹ̀ Ṣágámù lálẹ́, gbogbo omi á dà nù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí wọ́n ṣe yọ wọ́n tán, wọ́n ki hósì bọ ojú ihò wọ̀nyẹn, wọ́n ń fomi ṣan án láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, wọ́n ń fi wáyà ro ó, títí omi tó ń jáde fi mọ́ bíi èyí tó ń wọlé. Alájì fúnra ẹ̀ ló jókòó tì í. Kò fi sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́. Tuntun ni gbogbo pàǹlà tó fi dí i padà, àwọn ọmọ ẹ̀ ló lọ rà á wá ní Ládípọ̀, mo sanwó ẹ̀ lọ́tọ̀, kò sì dùn mí rárá.

Pọ́ǹpù omi náà ò ṣàìní ìtàn tiẹ̀. Lábẹ́ pọ́ǹpù, ihò kékeré kan wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá síbẹ̀: tí rọ́bà tó ń di omi inú ẹ̀ bá ti ń gbó, ibẹ̀ ni omi á ti máa kán, kí oní nǹkan lè mọ̀ pé ó tó àkókò láti tún un ṣe. Ẹnì kan ti fi gọ́ọ̀mù dí ihò yẹn lórí tiwa torí pé ó ń kán! Omi tí ò rọ́nà jáde mọ́ wá yíjú sí bíárìn, ó ti ń jẹ ẹ́. Tí bíárìn bá já, fáànù tó wà níwájú pọ́ǹpù lè ya wọnú rédíétọ̀ tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alájì ló bá wa tú u, ó fi bíárìn àti rọ́bà tuntun sí i. Ọmọ náà ṣì kéré lọ́jọ́ orí àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ mọ́, mo fẹ́ràn bó ṣe ń nu gbogbo ojú irin kó tó fi gásíkẹ́ẹ̀tì sí i.

Ó wá kan thermostat. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì yín. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé tí ooru bá pọ̀ nílùú, ká yọ ọ́ ni ọkọ̀ á fi tutù. Nínú ẹ́ńjìnì yìí, hósì kúkúrú kan wà láàárín ilé thermostat àti pọ́ǹpù, ibẹ̀ ni omi ń gbà yí po nínú ẹ́ńjìnì nígbà tó bá ṣì tutù. Nígbà tó bá gbóná tó, thermostat á ṣí ọ̀nà rédíétọ̀ fún omi. Tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́, kò sí ohun tó ń darí omi mọ́, apá kan nínú ẹ̀ á kàn máa gba hósì kúkúrú yẹn yí po láìdé rédíétọ̀ rárá, lábẹ́ oòrùn, nínú góósílò, nígbà tẹ́ ẹ nílò rédíétọ̀ jù. Nígbà òwúrọ̀ sì rèé, ẹ́ńjìnì ò ní tètè gbóná tó bó ṣe yẹ, pẹtiróòlù tó ń jẹ á pọ̀, pẹtiróòlù tí ò jó tán á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà. 82°C ni èyí tí Alájì fi sí tiwa. Kó tó fi sí i, ó so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi lórí iná, ó ní kí n wá wo bó ṣe ń ṣí. Mo wò ó. Ó ṣí.

Ọ̀rọ̀ ìdérí kúrú: 9 psi ló bá Series III mu (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń ti ìdérí). Tí omi bá wà lábẹ́ 9 psi, ó máa tó nǹkan bíi 113°C kó tó hó, dípò 100°C. Ti Camry àti irú wọn ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá fi ìdérí tó le jù dé rédíétọ̀ ogbó, òjé ibi tí wọ́n lẹ̀ ló máa já, tàbí hósì, tàbí ti hítà. Ẹ má sì ṣí i nígbà tó bá gbóná láéláé, omi tó ti kọjá 100°C tó ń retí kí ẹnìkan ṣílẹ̀kùn fún un ló wà níbẹ̀, ojú èèyàn ló máa tú sí.

Mo sọ pé kẹ́ ẹ fọkàn sí Ojúde Ọba. Ọkọ̀ tó ń sáré, atẹ́gùn iwájú ló ń tu rédíétọ̀ ẹ̀. Èyí tó ń rìn bí èèyàn ṣe ń rìn, láàárín ìlù, ẹṣin àti aṣọ ẹgbẹ́, kò ní atẹ́gùn kankan àfi èyí tí fáànù bá fà. Alájì tẹ bẹ́líìtì, ó rọ̀ wọlé jìnnà, ó ní kó má ju nǹkan bí ìlàjì ínṣì lọ, wọ́n fà á le. Ó wá béèrè pé páànù tó yẹ kó yí fáànù ká dà. Kò sí. A ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí nǹkan wà níbẹ̀, kò tíì sí níbẹ̀ látìgbà tí mo ti gbọ́n. Tí páànù yẹn ò bá sí, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wà lẹ́yìn fáànù ni fáànù á tún máa fà yí po, èyí tó yẹ kó gba inú rédíétọ̀ wọlé ò ní pọ̀ tó. Ó júwe ẹ̀ fún páńẹ́ẹ̀lì bítà kan ní òdìkejì títì, onítọ̀hún fi bébà wọn ọ́n, ó gé páànù, ó rọ ọ́ yípo, ó bò ó dáadáa. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, mo lérò pé páànù yìí àti fífọ bulọ́ọ̀kù ló ṣe é. A gbé ọkọ̀ náà wọ Òkè-Àjẹ́ lọ́jọ́ ọjà, ọ̀sán gangan, a ń rìn, a ń dúró, a ń rìn, abẹ́rẹ́ ò mira.

Géèjì náà kọ́kọ́ fẹ́ dẹ́rù bà wá o. Bá a ṣe tò gbogbo ẹ̀ padà, ó tún ń lọ sókè, ọkàn mi já. Alájì gbọ́wọ́ lé hósì òkè, ó ní ọkọ̀ yìí ò gbóná, ẹ wo géèjì pẹtiróòlù. Òtítọ́ ni, géèjì pẹtiróòlù ń sọ pé táńkì kún, èmi sì mọ̀ pé kò tó ìdajì. Lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù Series III, nǹkan kékeré kan wà tó ń bá géèjì méjèèjì dín iná bátìrì kù, tó bá ti bàjẹ́, àwọn méjèèjì á jọ máa purọ́ lọ sókè ni. Rewáyà kan rí i, ojú irin tí wọ́n so wáyà ilẹ̀ (earth) ẹ̀ mọ́ ló ti dípẹtà, ó ha á, ó dè é le. Onírédíétọ̀ tó mọ ìyẹn ò wọ́pọ̀.

Ti omi. Alájì ò gbà kí n fi omi kànga kún un, ó bi mí pé níbo la ti máa ń pọnmi sí i. Mo ní ibi tó bá bá wa, nígbà míì Ṣágámù, nígbà míì oko. Ó ní Ṣágámù kẹ̀! Ẹ rántí pé abẹ́ ilẹ̀ Ṣágámù ni òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì wà, omi tó bá la irú òkúta bẹ́ẹ̀ kọjá máa ń kó nǹkan funfun inú ẹ̀ dání, tó bá wá ń gbóná lójoojúmọ́, nǹkan funfun yẹn á máa lẹ̀ mọ́ irin. Kò sí ohun tó ń ṣe wá tá a bá mu ún, àmọ́ rédíétọ̀ ò fẹ́ ẹ. Omi bátìrì tí ò ní ásíìdì ló ní ká rà, tí kò bá sí, omi òjò tí wọ́n gbè tààrà láti ojú ọ̀run, kì í ṣe ti orí páànù onípẹtà. Ìlàjì omi, ìlàjì kúláǹtì. Kúláǹtì náà, àwọn tó mọ̀ nípa ọkọ̀ àtijọ́ kì í fẹ́ irú tuntun tó sábà máa ń pupa tàbí ọsàn, èyí tí wọ́n kọ OAT sí lára, torí ó lè bá òjé àti àwọn rọ́bà àtijọ́ jà. Àwọ̀ nìkan ò tó láti fi mọ̀ ọ́n o, ẹ ka ara ike ẹ̀. Àtijọ́ la lò, aláwọ̀ ewé. Bẹ́ ẹ bá sì ń dà á, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tàbí ewúrẹ́ sún mọ́ ọn, ó máa ń dùn lẹ́nu, májèlé sì ni.

Ó wá kan ibi tó dùn mí. Kúláǹtì àti omi tí wọ́n dà nù ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, inú gọ́tà ló ń lọ tààrà. Adìyẹ àti ewúrẹ́ ń mu níbẹ̀. Mo bá Alájì sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo ní, "Alájì, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ á wá kẹ́ẹ̀gì kan tá a máa dà á sí." Ó gbà fún tiwa, mo sì dúró rí i. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣe é fún ti ẹlòmíì.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni òjé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yẹn, àwọn kan nínú wọn ò tíì hu irùngbọ̀n, orí òjé tó ń yọ́ ni wọ́n tẹrí sí látàárọ̀ tí wọn ò bo imú, wọ́n ń ha òjé gbígbẹ, eruku ẹ̀ ń wọ ìka wọn, ọwọ́ yẹn náà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ̀bà lọ́sàn-án. Ohun tí eruku òjé ṣe ní Zamfara lọ́dún 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tó gbẹ̀mí wọn. Ti ibi ìwakùsà nìyẹn, ó pọ̀ ju ti ṣọ́ọ̀bù kan lọ fíìfíì, àmọ́ òjé kan náà ni, ara ọmọdé kan náà ni. Ọṣẹ àti omi kí wọ́n tó jẹun, ohun tí wọ́n á fi bomú, kí wọ́n máa ṣe é níta gbangba, kí wọ́n má wọ aṣọ iṣẹ́ délé lọ bá àwọn àbúrò wọn, kò sí èyí tó wọ́n jù nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lọ síbẹ̀, ẹ bá mi sọ fún Alájì. Ó máa ń gbọ́rọ̀ oníbàárà, tí ọ̀rọ̀ bá sì pọ̀ á wọ̀ ọ́ létí.

Ìyókù ò le tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n kun rédíétọ̀ ní dúdú kó tó jáde, ọmọ tó kùn ún sì da ọ̀dà bo àwọn páànù tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gba àárín ẹ̀, ọ̀dà tó nípọn ń di ooru mọ́nú, ẹ ní kí wọ́n fẹ́ ẹ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ tàbí kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn kì í kọ rìsíìtì àfi tẹ́ ẹ bá béèrè. Hósì ò sí lọ́dọ̀ wọn, èyí tí wọ́n bá wa gé láti ara hósì ọkọ̀ míì ò tẹ́ mi lọ́rùn, mo lọ ra èyí tó jẹ́ ti Land Rover gan-an. Ẹ pààrọ̀ hósì kúkúrú ti ẹ̀gbẹ́ thermostat nígbà tí gbogbo nǹkan bá ṣì wà ní títú o, torí tí wọ́n bá ti tò ó padà tán, ọwọ́ ò fẹ́ dé ibẹ̀.

Wọ́n tún máa ń pẹ́. Alájì ò ní sọ fún yín pé á pẹ́, á ní "ó ti ń parí" títí, ẹ má wulẹ̀ máa pè é lórí fóònù torí kì í gbé e nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ tẹ́ ẹ fi ń jẹun ni, ẹ ti múra sílẹ̀. Tiwa tó jẹ́ ọkọ̀ oko, a rọ́gbọ́n dá.

Ní ti owó, gbogbo ohun tí mo san fún rédíétọ̀, bulọ́ọ̀kù, pọ́ǹpù, páànù fáànù àti àwọn nǹkan tá a rà, kò tó ìdajì iye tí wọ́n pè fún mi fún rédíétọ̀ tuntun nìkan láti òkè òkun, tí wọn ò tíì ṣírò owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Rédíétọ̀ tuntun yẹn ì bá sì tún dí, torí bulọ́ọ̀kù ò ní mọ́. Mo gbà pé owó iṣẹ́ Alájì kéré sí iṣẹ́ tó ṣe, mo fi díẹ̀ kún un fún ọmọ tó fi irin gún àwọn ọ̀pá yẹn.

Tí mọ́tò yín bá jẹ́ tòkúnbọ̀ ayé òde òní tó ní rédíétọ̀ olórí rọ́bà, kò pọn dandan kẹ́ ẹ lọ síbẹ̀, ẹ ra òmíràn. Fún ọkọ̀ àtijọ́, mi ò mọ ibòmíì tí mo lè rán yín lọ n'Íjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ tí ọkàn mi á balẹ̀ tó báyìí. Ẹ gbé ọkọ̀ náà fúnra ẹ̀ lọ, ẹ má tú rédíétọ̀ nìkan dání, torí Alájì á fẹ́ wo omi nígbà tẹ́ ẹ bá ṣíná. Ẹ mú thermostat tuntun àti ìdérí tó bá ọkọ̀ yín mu lọ́wọ́, kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n máa da kúláǹtì àlòkù sí náà. Kẹ́ ẹ tètè débẹ̀ láàárọ̀, tó bá sì jẹ́ Jímọ̀, iṣẹ́ máa ń dúró láti ìgbà tí wọ́n bá ti lọ sí mọ́ṣáláṣí títí wọ́n á fi dé.